Ìdáhùn sí Ọ̀rọ̀ Tí Kò Dé

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìrójú. Àwa ṣì ń mí, ọpẹ́ ni.

Ó ti pẹ́ tí o ti ń sọ pé ohùn ìyá rẹ ń ha lórí fóònù, tí òun náà sì ń dá ọ lóhùn pé ọ̀fìnkìn ni. Kì í ṣe ọ̀fìnkìn. Dókítà ti yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, ó ní kókó kan ti ta gbòǹgbò síbẹ̀. Wọn kò lè gé kókó náà kí wọ́n má gé ibi tí ohùn ti ń jáde. Bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, ìyá rẹ kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn yóò tún máa fi ẹ̀rọ tan iná sí i lọ́fun fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí gbòǹgbò kókó náà lè jó kú. Òpin oṣù kẹrin ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ náà sí.

Ó yẹ kí n ti kọ̀wé ṣáájú. Òun ló ní kí n má kọ ọ́. O mọ ìyá rẹ: abẹ́rẹ́ máṣíìnì lè gún un lọ́wọ́, aṣọ oníbàárà ni yóò kọ́kọ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ kàn án.

Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tí òun fẹ́ bá ọ sọ, ìwọ nìkan. Kò fẹ́ kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà, torí yóò gba ọwọ́ mi kọjá. Kò sì lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí bó bá sọ gbólóhùn méjì ohùn á pòórá, kó tó sinmi tán, ìlà á ti já. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wa lọ́rì ní òun á fi fóònù òun gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Kí ni o rí sí i? Má fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí o. Etí mi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti jẹ tán kò wúlò fún fóònù. Lẹ́tà ni mo ní.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfaradà, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ìdí ilẹ̀kùn ni mo ti ka lẹ́tà yín tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ọ̀fìnkìn! Wọ́n ní ọ̀fìnkìn ni, èmi náà sì gbà.

Mi ò lè wá báyìí. Ìwé ìgbélùú mi wà lórí tábìlì òṣìṣẹ́ kan tí mi ò rí rí. Tí mo bá jáde kó tó fọwọ́ sí i, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́, gbogbo ọdún tí mo ti lò níbí á di òfo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò fẹ́ wá.

Ní ti ohùn Màmá, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbà á o, mo bẹ̀ yín. Fóònù tó ń jábọ́ láti inú lọ́rì lójoojúmọ́? Fóònù tó gbé gbogbo àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ mì? Èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí Màmá náà ti kún, á gé ọ̀rọ̀ wọn sí méjì. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyí, ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Màá ṣe ojú-ìwé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún Màmá nìkan. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì pupa, wọ́n á sọ̀rọ̀, ohùn wọn á sì wá tààrà sọ́dọ̀ mi.

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Àwọn kan tí a ò mọra rí ti kọ èyí tó le jù nínú rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ fi wé àpótí irinṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ gbé sí gbangba: ẹni tó bá nílò òòlù á mú un lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá rí i pé ayùn ti kú á pọ́n ọn, á dá a padà. Mo ti gbé àpótí náà wọ orí kọ̀ǹpútà mi nínú yàrá yìí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i, ibẹ̀ ni mo ti ń dán an wò. Ṣebí ẹ̀yin náà kì í tẹ ìwé oníbàárà láì kọ́kọ́ tẹ ojú kan wò. Àpótí náà ní ààyè ìdánwò tirẹ̀. Tí mo bá wà níbẹ̀, ó máa ń gba ohùn mi, á ní òun ti tọ́jú rẹ̀, àmọ́ kò tọ́jú rẹ̀ síbì kankan. Tí mo bá ti pa ojú-ìwé náà dé, ó lọ nìyẹn. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí pàǹtí ìdánwò má baà kún ilé ìpamọ́.

Lánàá mo jókòó tì í, mò ń ka ení, èjì, ẹ̀ta sí i bíi wèrè. Ibi kan kọ́kọ́ pọ́n, ìyẹn ni pé ó kùnà. Mo tú u, mo tún un ṣe, ó di àwọ̀ ewé. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé iṣẹ́ ń lọ.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ìwé gbáko lórí àpótí irinṣẹ́, ìlà mélòó kan lórí ìyá rẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ̀wé níbẹ̀ yẹn? Ìyá rẹ ní kí n má bá ọ wí. Ó ní bí ẹ̀rù bá ti ba Abẹ́rẹ́ òun, ẹnu rẹ̀ máa ń gùn ni. Abẹ́rẹ́ yẹn náà ló ṣì ń pè ọ́, láti ìgbà tí o ti tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó dáa, mi ò wí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́ ohun tí o sọ nípa fóònù rẹ̀. Ó ní, "Ṣé torí pé lọ́rì ni mò ń wà ni ohùn ìyá mi ò fi lè wọ fóònù mi?" Ó ti gbé ọkọ̀ lọ sọ́nà jíjìn, mo sì mọ̀ pé kò ní gbé ìpè rẹ. Èmi ni mo dúró lẹ́yìn rẹ. Mo sọ fún un pé ẹni tó mọ iṣẹ́ là ń gbé iṣẹ́ fún.

Gbọ́ o: wọ́n ti fa ọjọ́ iṣẹ́ abẹ síwájú. Kókó náà ń yára dàgbà. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni. Ohùn rẹ̀ ti dà bí ìgbà téèyàn ń fa aṣọ ya. Ṣe kíá, ọmọ. Má jẹ́ kójú tì mí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu. Lẹ́tà yín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lónìí ni. Lónìí! Kí ló dé tí ẹ ò ní kí nọ́ọ̀sì kan bá yín pè mí? Ọ̀rọ̀ tó tó báyìí lẹ fi sínú àpòòwé tó ń rìn bí ìgbín. Inú bí mi, ẹ má bínú.

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo jókòó láti ìgbà tí mo ti kà á, mo sì ti gbé ojú-ìwé náà jáde kúrò nínú yàrá mi bọ́ sí gbangba. Gbogbo ìdánwò rẹ̀ ló di àwọ̀ ewé lọ́dọ̀ mi níbí. Mo sọ̀rọ̀ sí i, ó sọ ọ̀rọ̀ mi padà fún mi ketekete. Ọ̀nà tó yá jù ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, á bá yín.

Àdírẹ́sì rẹ̀ nìyí sí ẹ̀yìn ìwé yìí. Ẹ bá Màmá ṣí i. Kí wọ́n tẹ pupa, kí wọ́n sọ̀rọ̀ bó ṣe wù wọ́n, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n mu omi, kò ní já. Tí wọ́n bá parí, wọ́n á tún tẹ pupa. Àmì máàkì kan á jáde, á kọ "Ó ti wọlé." Tí ẹ bá ti rí ìyẹn, ó parí. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ tẹ àmì tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ bá mi di Màmá mú. Ẹ ní kí wọ́n má bẹ̀rù.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọkàn sókè. Ìyá rẹ yè é. Wọ́n ti gé e. Ihò kékeré kan wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí, ibẹ̀ ló ti ń mí. Mo ra síléètì fún un, òun ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ ni pé kí wọ́n pa fáànù, òtútù ń mú òun.

Lẹ́tà rẹ dé bá wa. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì fa kọ́tìnì yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká, mo bá a tẹ bọ́tìnnì pupa, mo sì jáde. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ kọ́tìnì. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ bí ìgbà tó ń wa máṣíìnì. Ó pẹ́ gan-an. Ó dákẹ́, ó mu omi, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pè mí wọlé ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúyẹ́. Mo fi ojú mi rí máàkì náà: "Ó ti wọlé." Mo pa fóònù kí iná má baà tán nínú rẹ̀.

Ní alẹ́ mo ṣí i nílé, mo gbé e sétí. Díẹ̀ ni mo gbọ́, o mọ etí mi. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, má sọ ọ́ fún mi. Òun ṣáà ń kọ ọ́ sórí síléètì láràárọ̀ pé, "Ṣé Abẹ́rẹ́ ti gbọ́?" Kọ̀wé kíá.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mi ò kí ọ. Ta ni mo fẹ́ kí? Oṣù kan ń lọ, kò sí lẹ́tà, kò sí ìpè. Ṣé o ti kú ni? Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ sọ ló bí ọ nínú, ṣé bí wọ́n ṣe ń bínú sí ẹni tí wọ́n gé lọ́fun nìyẹn?

Mo ti parọ́ fún un. Mo ní o gbọ́ ọ, pé o sunkún, pé lẹ́tà rẹ ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá kọ ọ́ pé òun kò fẹ́ ẹkún, ìdáhùn lòun fẹ́. Ó ní òun bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Mo ní kí ni, ó ní kò kàn mí.

Dókítà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná ẹ̀rọ náà sí i, ó ní kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Ìyá rẹ kọ̀. Ó ní àfi tí ìdáhùn rẹ bá dé. Ọmọ, mo kúnlẹ̀, dá ìyá rẹ lóhùn.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ má kí mi, kò yẹ mí.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà títí di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, mo ń retí. Òfìfo. Mo ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mo ní bóyá Màmá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ni. Ìgbà tí lẹ́tà yín wá dé, tí ẹ ní ẹ rí máàkì, ni mo wá lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ìlà kan wà tó máa ń sọ fún àpótí yẹn bóyá ìdánwò là ń ṣe tàbí iṣẹ́ gidi. Àwọn tó kọ ọ́ kìlọ̀ pé ká yí i padà ká tó gbé e jáde. Mo ka ìkìlọ̀ náà. Mo tiẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Mi ò yí i padà. Ọjọ́ yẹn, ìkánjú ti gbà mí lọ́kàn, gbogbo nǹkan sì ń ṣiṣẹ́ lójú mi torí mi ò pa ojú-ìwé náà dé rí kí n tó gbọ́ ohùn ara mi. Gbogbo ohun tí Màmá sọ, ojú-ìwé yẹn gbà á, ó ní ó ti wọlé, nígbà tí ẹ sì pa fóònù, ó lọ.

Mo ti wá a dé ibi tí kò yẹ kéèyàn wá nǹkan dé. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni àpótí náà. Ẹnì kan nínú wọn dá mi lóhùn, ó ní ó dun òun, kò sí níbì kankan láyé.

Tó bá jẹ́ pé mo jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù rẹ̀ gbà á ni! Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́. Kí ni Màmá bi mí, Bàbá? Ẹ bá mi bi wọ́n.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ìyẹn ni pé kì í ṣe etí mi.

Mo kọ ọ́ sí ọ pé mo gbọ́ díẹ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan rárá. Mo gbé fóònù yẹn sí etí ọ̀tún, mo gbé e sí tòsì, kẹ́kẹ́ pa. Mo ní etí tó ti kú ló kú. Ojú tì mí láti ké sí aládùúgbò kó bá mi gbọ́ ọ, torí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ni. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ! Ohùn ìyá rẹ ṣì wà lọ́fun rẹ̀ di àárọ̀. Ká ní mo ké sí ẹnì kan ṣoṣo ni, à bá ti tún un gbà.

Mo bínú sí ọ títí ó fi rẹ̀ mí. Jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

N kò lè sọ fún un. Mo ti ní o gbọ́, mo ti ní o sunkún, mo tiẹ̀ ti sọ ibi tí o ti sunkún. Bí mo bá ní irọ́ ni, ta ni yóò gbà gbọ́ mọ́? Dókítà sì ń pariwo pé ọjọ́ ń lọ. Ìwé méjì péré ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún un. Kọ "Bẹ́ẹ̀ ni" sí ti ìyá rẹ. Kí ni ìyá lè béèrè lọ́wọ́ ọmọ tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni? Yóò ti bi ọ́ bóyá o máa wálé, bóyá o máa parí ìjà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ. Kọ ọ́, kó lè gba ìtọ́jú.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ìnira. Mi ò fẹ́ kọ ọ́. Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo kọ ọ́ torí iná ẹ̀rọ yẹn. Ẹ fún wọn.

Màmá mi,
Bẹ́ẹ̀ ni.
Abẹ́rẹ́ yín


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí.

Mo fún un ní ìwé rẹ. Ó kà á, ó yí i wò lẹ́yìn bóyá nǹkan mìíràn wà níbẹ̀, ó tún kà á. Ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Inú mi ń dùn, mo sáré lọ pe dókítà pé ó ti tán, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá.

Nígbà tí dókítà dé, ìyá rẹ ti kọ síléètì rẹ̀ sílẹ̀ dè é: "Mi ò gba iná. Ọmọ mi ti gbà. Ẹ jẹ́ kí n lọ sílé." Mo ní kí ni ọmọ rẹ gbà? Ó nù ún, ó tún kọ ọ́ fún mi: "Mo bi í pé, ṣé kí n sinmi? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n ti buwọ́ lùwé. Ó ti wà nílé báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀. Kò jẹun púpọ̀. Èmi ni mo ní kí o kọ ọ́. Èmi ni mo gbé e lọ fún un lọ́wọ́ ara mi. Sọ ohun tí n ó ṣe fún mi, torí n kò mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ sọ fún wọn! Ẹ sọ gbogbo rẹ̀, irọ́ yín, irọ́ mi, ìlà tí mi ò yí padà. Ẹ ní mi ò gbọ́ ìbéèrè yẹn rí. Ẹ ní ìdáhùn mi ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́, Màmá, ẹ má sinmi, mo bẹ̀ yín, bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo ń bọ̀. Ìwé ìgbélùú ò tíì jáde, kó má jáde. Tí mo bá ti rí ọkọ̀ òfurufú tó ní ààyè, mo ń bọ̀.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje

Abẹ́rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọwọ́ mi nìyí, má wo bó ṣe rí gánrangànran, aṣọ ni mo mọ̀ ọ́n rán, mi ò kàwé púpọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wẹ egbò mi ló ra ìwé fún mi, òun ló máa bá mi fi í ṣọwọ́ lọ́nà tó yá. Bàbá rẹ ò mọ̀.

Ó ti sọ fún mi. Ó sunkún bí ọmọdé títí mo fi ní kó dákẹ́, kí àwọn aládùúgbò má rò pé mo ti lọ. Mo ti mọ̀ kó tó sọ. Ọjọ́ tí ìwé rẹ dé ni mo ti mọ̀. Ìwọ tí ẹnu rẹ gùn tó yẹn, kí n bi ọ́ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kí o fi ọ̀rọ̀ kan dá mi lóhùn? Tí o bá gbọ́ ọ, wàá bá mi jà, wàá kọ ìwé tó máa kún àpò. Mo mọ̀ pé o ò gbọ́. Mo sì mú "bẹ́ẹ̀ ni" náà torí òun ni mo ń wá. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Má sọ pé ìwọ lo pa mí o, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ.

Ìdí tí mo fi bi ọ́ ni pé bàbá rẹ ò ní gbà láéláé, ẹ̀gbọ́n rẹ á sì sunkún títí á fi wa lọ́rì wọ igbó. Ìwọ nìkan ni mo rò pé ó lè sọ òótọ́ fún mi. Wò ó o! "Bẹ́ẹ̀ kọ́" tó o wá kọ yẹn dùn mọ́ mi ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ, àmọ́ dókítà ti wá wò mí nílé, ó ní kókó náà ti kọjá ibi tí iná ti lè bá a.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní kọ wọ́n síbí. Ẹnu ni mo fẹ́ fi sọ wọ́n. Ó dùn mí pé wọ́n lọ, mi ò ní purọ́ fún ọ.

O ní o ń bọ̀. Tí o bá dé bá mi, jókòó tì mí, kí o máa sọ̀rọ̀, ohunkóhun tó bá wá sẹ́nu rẹ. Èmi ṣì ń gbọ́ràn. Tí o bá dé tí mi ò sí mọ́, bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀, kí o sì máa sọ ọ́ sókè.

Ìyá rẹ